Ẹ̀rọ Báńkì Ò Rí Ìka Mi

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú nípa ara wa. Ìyá rẹ ń kí ọ, orúnkún ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó ń rìn, a dúpẹ́.

Mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe. Onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ya fọ́tò àwọn àga mi, ó sì gbé wọn síbi tí gbogbo ayé ti lè rí wọn nínú fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní igba ènìyàn ti fẹ́ràn wọn. Mo gbálẹ̀, mo wọ ẹ̀wù tó dáa, mo to bẹ́ǹṣì síta kí wọ́n lè ríbi jókòó, mo retí wọn títí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan ò yọjú. Onídìrí ní wọ́n kàn tẹ fóònù wọn lásán ni.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá ilé-ìwé kan tí n kò rí rí pè mí, ó ní òun rí àwọn àga yẹn nínú fóònù, òun fẹ́ ọgọ́ta. Látìgbà tí mo ti ń ṣe káfíńtà, ẹnikẹ́ni ò gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. N kò ní owó pákó, ni mo bá lọ yáwó ní báńkì. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní ẹ̀rọ ló ń pinnu, kì í ṣe òun. Mo kí ẹ̀rọ náà, mo ṣàlàyé ara mi fún un dáadáa, ọmọbìnrin náà ní kí n kàn tẹ ìka lé e ni. Mo tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Mo lọ fọwọ́, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ọmọbìnrin náà wá gbé ọwọ́ mi wò, ó ní, “Bàbá, iṣẹ́ ti pa ìlà ìka yín rẹ́.”

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń dán igi, n kò mọ̀ pé igi náà ń dán mi. Mo jókòó síta báńkì fúngbà díẹ̀, ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè bínú.

Mo pe ọ̀gá ilé-ìwé, mo sọ òótọ́ fún un, ó ní kí n kọ́kọ́ ṣe ogún. Jọ̀ọ́, fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ránṣẹ́ kí n fi ra pákó. Má lọ yáwó nítorí mi.

Ọlọ́run á dá ọ lọ́lá. Níbi tí wọn ò bá ti mọ̀ mí, wọn á mọ̀ ọ́.

Èmi ni bàbá rẹ.