Iná Pupa Tí Ẹ Kò Sọ Fún Wa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àlejò yín kan dé sí ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ àdúrà ogójì ọjọ́ yín. Bàbá arúgbó kan ni, láti Òṣogbo, ọ̀pá ló fi ń rìn. Kò tíì jókòó tó fi béèrè àtùpà tí ẹ fi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Mo gbé e fún un. Ó gbé e lé itan, ó bú sẹ́kún.

Ó ní òun ni dírẹ́bà ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò lọ sílé ọdún Iléyá, lóru tí òjò wọ́ ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin nítòsí ibi iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ sáré pàdé ọkọ̀ náà nínú òjò, ẹ ń fi iná pupa juwọ́ sí i kó dúró. Ẹ ṣubú, ẹsẹ̀ yín kán. Ẹ jókòó sáàárín ojú irin, ẹ ṣì ń fì í. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ kó tó dúró.

"Ọmọ mi, bí kì í bá ṣe bàbá rẹ, èmi kọ́ lò ń wò yìí."

Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa? Ẹ ní kẹ̀kẹ́ ló gbé yín ṣubú!

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Mo wọ aṣọ ọdún, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi pe ìrun Alásárì. Nígbà tí ẹ dé lọ́jọ́ kẹta tẹ̀yin ti báńdéèjì lẹ́sẹ̀, mi ò kúnlẹ̀ kí yín. Mo dàgbà tán, mo tún sọ ọ́ sí yín lójú pé ẹ fẹ́ràn rélùwéè ju àwa ọmọ lọ. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín, ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ foríjì mí.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ máa ń fi eérú nu gíláàsì àtùpà yẹn, ní ìlú tí kò ní ojú irin. Màámi a máa rojọ́ pé ẹ kò nu dígí àwọn rí. Ó yé mi wàyí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí àwọn ọmọ tí bàbá wọn délé ọdún torí pé tiwa kò dé.

Kí àlejò yín tó lọ, ó ní kí n mú òun dé sàréè yín. Màámi bu kẹrosíìnì sí àtùpà náà. Ọ̀sán gangan ni o, oòrùn ń mú. Bàbá náà tan án, ó yí gíláàsì rẹ̀ kúrò ní pupa sí àwọ̀ ewé, ó gbé e sókè. Mo bi í pé kí ni ìyẹn túmọ̀ sí.

"Ọ̀nà mọ́," ni ó wí. "Kí bàbá rẹ máa lọ ní àlàáfíà."

Ẹ sinmi o, Bàbá mi.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tí kò bínú mọ́.