Bàbá Ọkọ Mi Níwájú Táńkà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Nóvẹ́ńbà 2005

Oṣù kan rèé tí mo ti wọ ilé Méjọ̀ Afọlábí, bàbá ọkọ mi, ní Mowe. Ìdájí ni Káyọ̀, ọkọ mi, ń lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó, a wá ku àwa méjì. "Adákẹ́" ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé mi yìí. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn — "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó parí. Ọ̀gá sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rù wọn ń bà mí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Nóvẹ́ńbà

Adákẹ́ ń fi òróró pa igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù kírikẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé. Mo béèrè ohun tó dùn nínú eré ọ̀hún. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ń gbá a fún àwọn ológun, àwọn lè dúró lójú kan látàárọ̀ dọ̀sán, kí bọ́ọ̀lù má baà wó igi mẹ́ta tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn àwọn. Èmi ò rí adùn kankan níbẹ̀ o.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Nóvẹ́ńbà



Adákẹ́ ń lọ gbá kírikẹ́ẹ̀tì l'Ékòó, aṣọ eré funfun báláú lọ́rùn wọn. Mo sìn wọ́n dé màrosẹ̀. Táńkà ti ṣubú, awakọ̀ ẹ̀ ti bọ́ jáde! Epo ń ṣàn bí àgbàrá, èrò ń sáré bọ̀ tòun ti kẹ́ẹ̀gì. Hàfísátù tó ń ta ẹ̀wà ládùúgbò wa pọn ọmọ, ó gbé garawa.

Adákẹ́ ju báàgì sílẹ̀, wọ́n fi mí sílẹ̀ láàárín èrò, wọ́n lọ dúró síwájú táńkà. "Ẹ padà!" Mi ò mọ̀ pé irú ohùn yẹn wà lọ́fun wọn.

"Wòlíì, ẹ yà lọ́nà!" Aṣọ funfun yẹn lẹnì kan rí tó fi pè wọ́n bẹ́ẹ̀.

"Èmi kì í ṣe wòlíì. Sójà ni mí. Mo ti rí bí epo ṣe ń jó èèyàn."

Hàfísátù bú wọn: wọ́n yó ni wọn ò fi mọ̀ pé ebi ń pa ọmọnìkejì. Ẹnì kan fi kẹ́ẹ̀gì gbá wọn láyà. Adákẹ́ ò yẹ̀. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, èrò ń fà sẹ́yìn, títí a fi jìnnà dáadáa.

Àfi gbòà! Iná sọ. Ooru ẹ̀ gbá mi lójú. Garawa bọ́ lọ́wọ́ Hàfísátù.

Ẹnì kankan ò kú. Ẹnì kankan!

Ọjọ́ Àìkú, 13 Nóvẹ́ńbà

Olúwa, irú èèyàn wo rèé?

Ọjọ́ Ajé, 14 Nóvẹ́ńbà

Hàfísátù gbé ọmọ ẹ̀, Hikmah, wá. Ó kúnlẹ̀, ó ń fẹkún bẹ̀ wọ́n. Adákẹ́ gba ọmọ, wọ́n gbé e lé itan.

"Dìde, ìyá Hikmah. Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo fẹ́ sá. Mo wá bojú wo èrò, mo rí Bùkọ́lá láàárín yín."

Èmi! Èmi àlejò àná nílé wọn.

Mo sá wọ kíṣìnnì lọ sunkún.