Mọ́tò tí Súnkànmí Fẹ́ Rà ní Kàdúná

Abúlé Onígbòdògì,
Lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọdún 1962.

Súnkànmí Àjàní, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìjọba, mo kí ọ kú ooru Kàdúná tí wọ́n ní ó ju tiwa lọ, mo sì kí ọ kú àárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ. Olúwa tó mú ọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní Kakuri tí o ń gbé ní Kàdúná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi kò mọ ibẹ̀. Ara wa le níbí, àfi orúnkún mi òsì. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn kì í dúró sójú kan, ìyá rẹ sì ti sọ ọ́ ní Súnkànmí. Má bínú sí i, ìfẹ́ ni.

Nígbà tí ìwé rẹ dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè pé Àyànníyì, ọmọ ìlú wa tó ń ta aṣọ lọ́jà Kàdúná, fẹ́ ta mọ́tò àlòkù rẹ̀ fún ọ, kí o lè yé fi ẹsẹ̀ gba orí afárá lọ sí ọ́fíìsì, inú mi dùn débi pé n kò jẹ oúnjẹ mi tán. O ní kí n lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wádìí bí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò náà wò látẹ̀yìn wá, nítorí ibẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ kí Àyànníyì tó gbé e lọ sí òkè Ọya. Mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé Àyànníyì ní mọ́tò náà "lafiya lau" ni. Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn títí, mo ní ó dára, orúkọ ẹni tó ni mọ́tò náà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí ni mo fi ń béèrè ilé Ọ̀gbẹ́ni Lafiya Lau káàkiri Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn kan ní ó ti kó lọ. Obìnrin kan tilẹ̀ ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa, pé ó pupa, ó sì ní ìyàwó méjì. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Àbdùlkàrímù tó ń ta obì, ẹni tó ti gbé Kánò rí, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ní èdè Hausa ni, pé ohun tí Àyànníyì ń wí ni pé ara mọ́tò náà le koko, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi da obì rẹ̀ nù. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ní kí obìnrin yẹn bá mi kí ìyàwó méjèèjì.

Àbdùlkàrímù ló mú mi dé ibi tí ìjọba ti ń yẹ mọ́tò wò. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ gbé ìwé ńlá kan jáde, ó wá nọ́ńbà tí o kọ ránṣẹ́, ó rí i. Mọ́tò náà ti ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló fìdí rẹmi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, nítorí mo rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ìwọ náà ṣe Sítáńdáàdì Síìsì kí o tó yege. Mo bẹ akọ̀wé pé kí ó jọ̀wọ́ tún un dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ọ̀gá ló bà á. Ó wò mí, ó ní Bàbá, bíréèkì rẹ̀ ni kò mú. Mo ní kò burú, ọmọ tèmi náà, ìṣirò ni kò mọ̀. Ló bá fi ìlà kẹta hàn mí, pé ọkọ̀ ẹrù kan gbá mọ́tò yìí látẹ̀yìn lọ́nà Ìlọrin lọ́dún tó kọjá, pé ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ túútúú, kò sì gbọdọ̀ rìn lójú títì mọ́. Kò sí ìlà kankan lẹ́yìn ìyẹn. Mo ní ṣùgbọ́n ó ń rìn ní Kàdúná. Ó ní ohun tó ń dẹ́rù ba òun gan-an nìyẹn. Ó ní kí n lọ bá Akínwùmí mẹkáníìkì, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n wọ́ ọ lọ.

Akínwùmí wà lábẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kí. Bí mo ti pe nọ́ńbà náà, gbogbo rẹ̀ yọ jáde. Ó ní òun lòun tún un ṣe, ṣùgbọ́n Àyànníyì sọ fún òun pé inú oko ni òun yóò ti máa fi kó iṣu, kò ní dé títì. Ó ní iwájú nìkan ni ti mọ́tò yẹn. Ẹ̀yìn jẹ́ ti mọ́tò mìíràn tí iwájú tirẹ̀ jóná ní Ọ̀yọ́. Òun fi iná jó ìdajì méjèèjì pọ̀ lábẹ́ àga, wọ́n wá fi ọ̀dà tuntun kùn ún. Ó ní bí ó bá sáré jù, ó lè já sí méjì. Ojú tì í, kò lè wò mí.

N kò ní purọ́ fún ọ, inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní ọmọ mi fẹ́ fi owó mọ́tò kan ra méjì. Ilé ni ojú mi ti là. Ìyá rẹ bi mí pé níbo ni Súnkànmí yóò jókòó sí. Mo ní iwájú, ṣebí òun ló ń wà á. Ó ní àwa ńkọ́, bí a bá wá kí i. Mo ní ẹ̀yìn. Ó ní ṣé kí iwájú dé Sàríà, kí àwa wà ní Kàdúná nínú ìdajì tiwa, kí a máa retí rẹ̀? Ó tún ní ọmọ kan ṣoṣo lòun ní. Mo wọ bàtà mi padà.

Nítorí pé òní Sátidé lo ní o fẹ́ sanwó, mo lọ tẹ wáyà ní pósófíìsì lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Ọmọbìnrin tó ń tẹ̀ ẹ́ ní iye ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbowó lé. Mo ní ọ̀rọ̀ méjì péré ni tèmi: Má rà. Ó kọ ọ́ ní MA RA, ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo ní kó kà á sétí mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ó kà á pé "Máa rà". Súnkànmí, orúnkún mi ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ó ní wáyà kì í gbé àmì ohùn, bó bá ti wu ẹni tó gbà á ni yóò kà á. Mo ní kó yára fa wáyà náà padà, ṣebí mo ń rí i lórí òpó, kò lè tíì kọjá Jẹ́bà. Ó ní ó ti dé Kàdúná. Mo ní kó tún tẹ òmíràn, kó wí i lẹ́ẹ̀mejì kí o lè mọ̀ pé n kò ṣeré: MA RA MA RA.

Lọ́jọ́ kejì, tìrẹ dé: MA ABI MAA. Ọmọbìnrin náà ní ìbéèrè ni, pé o fẹ́ mọ èwo ni mo wí. Ìyá rẹ, tó tẹ̀lé mi lọ́jọ́ náà, tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ọmọbìnrin náà kọ ohun tí òun bá sọ: SA FUN MOTO NAA.

Lánàá, èsì rẹ dé: MO TI SA. Ìyá rẹ jó láti pósófíìsì dé ọ̀dọ̀ Àbdùlkàrímù, Àbdùlkàrímù fún wa lóbì. Mo yà sọ́dọ̀ Akínwùmí láti sọ fún un. Ó ní òun ń kọ̀wé sí Àyànníyì lónìí pé kó gbé mọ́tò náà padà wá kí òun tú u, pé bó bá tà á fún ẹlòmíràn, òun yóò lọ fẹnu ara òun jẹ́wọ́ fún akọ̀wé oníwèé ńlá.

Bí a ti délé ni ọkàn ìyá rẹ dàrú. Ó ní o kò sọ ibi tí o sá lọ. Ó ní o kọ ọ́ pé o ti sá, o kò kọ ọ́ pé o ti dúró. Ó ní láti kékeré ni o ti máa ń gbọ́ràn jù, o lè ti kọjá Kánò báyìí. Mo fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi náà kò sùn dáadáa. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ìwé yìí: bí o bá ṣì ń sá, jọ̀wọ́, ó tó. Mọ́tò nìkan la ní kí o sá fún, kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Padà sí ọ́fíìsì, sọ fún ọ̀gá rẹ pé àwọn òbí rẹ ló fà á. Ilé rẹ ni mo fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí, nítorí n kò mọ àdírẹ́sì ojú ọ̀nà.

Wáyà mẹ́ta yẹn ti gbé owó páànù tí mo fẹ́ fi bo ilé ìdáná lọ. Bu díẹ̀ ránṣẹ́ nínú owó mọ́tò tó kù sí ọ lọ́wọ́. Má fi wáyà rán an. Wọ́n ní wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí owó mi máa gba orí okùn kọjá níta gbangba bí aṣọ tí a sá. Ìyá rẹ ní kí o ya fọ́tò mọ́ ọn. Orí àga ni kí o jókòó sí nínú fọ́tò náà, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì hàn nílẹ̀.

Kí Olúwa pa ọ́ mọ́ fún wa, kí ó la ọ̀nà fún ọ, kí ó sì fún ọ ní mọ́tò tí iwájú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ wáyé lọ́jọ́ kan náà.

Èmi ni bàbá rẹ tí ń retí fọ́tò,
Jákọ́bù Ọláoyè.