Omi Iyọ̀ Tí Màmá Gbé Kaná

                                        Ojúlé Kẹtàdínlógún,
                                        Òpópónà Gbádérọ̀,
                                        Agbowó, Ìbàdàn.
                                        12 Oṣù Kẹta, 1987.

Sìkírátù, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá ti fi wọ́n sílẹ̀? Ooru Ṣakí ńkọ́? Ti Ìbàdàn níbí kò ṣe é fẹnu sọ. Bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, òógùn ń kán sórí ìwé, nítorí náà, bí o bá rí ibi tí yíǹkì ti ràn, má rò pé ẹkún ni. Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ ní ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohunkóhun, fọkàn balẹ̀: Múínátù, ọmọ Àbẹ̀ḿbí àbúrò rẹ tí a jọ ń gbélé, ti sàn. Ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ báyìí, ó ń fà á nírun. Mo kọ́kọ́ sọ èyí nítorí pé ìròyìn tó kàn yóò já ọ láyà.

O ṣì rántí pé mo ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Òkè-Àdó, nítorí kẹ́mísìrì tó ti lù mí bolẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdánwò GCE. Láìsí i, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò ní gbà mí. Ní oṣù tó kọjá, tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà, po iyọ̀ mọ́ omi nínú ife ńlá kan, ó da ìdajì rẹ̀ nù, ó wá bi mí pé èyí tó kù ńkọ́, ṣé iyọ̀ rẹ̀ ṣì mú bíi ti àkọ́kọ́. Mo ní rárá, ó ti dín kù sí ìdajì. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n tọ́ ọ wò. Mo tọ́ ọ wò, bákan náà ni! Ó ṣàlàyé pé nígbà tí a da ìdajì nù, iyọ̀ àti omi jọ lọ ni, nítorí náà èyí tó kù kò ki ju ti tẹ́lẹ̀, kò sì ṣàn jù ú lọ. Ó ní kì í ṣe iye iyọ̀ nìkan ni a ń wò, bí kò ṣe iye iyọ̀ tó wà nínú ìwọ̀n omi kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fa ìlà sí i nídìí. Ìwé mi gbà á. Orí mi ni kò gbà á.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìgbẹ́ gbuuru mú Múínátù. Nọ́ọ̀sì ilé ìtọ́jú àdúgbò wa kọ́ Àbẹ̀ḿbí bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà tí rédíò ń pariwo rẹ̀, èyí tó ń dá omi tí ọmọ ń yà dànù padà sí i lára. Ó fi ṣíbí wọn iyọ̀ àti ṣúgà fún un, ó sì ní ìgò bíà kan ni kí ó fi wọn omi. Màmá yín ní ìgò bíà kò ní wọ yàrá tí àwọn ti ń kírun, kódà bó jẹ́ omi ẹ̀rọ ló wà nínú rẹ̀! Nọ́ọ̀sì ní kò burú, ìgò mínírà méjì ni yóò dípò rẹ̀.

O mọ̀ pé nítorí ọmọ yìí ni Màmá ṣe wá láti Ṣakí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojú wọn kò rí ṣíbí kékeré dáadáa mọ́, nítorí náà Àbẹ̀ḿbí po odindi ìkòkò kan sílẹ̀, ìgò mínírà mẹ́wàá gbáko, kí ó tó lọ sí ibi tó ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì. Ó fi ìkánjú gbàgbé ọ̀rọ̀ kan tí nọ́ọ̀sì sọ: pé bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí a da èyí tó ṣẹ́kù nù, kí a po òmíràn.

Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Ọbẹ̀ tí a sè lọ́jọ́ Ẹtì, bí Màmá bá ń gbé e kaná láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, a ó jẹ ẹ́ dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìkan. Ohun tí wọ́n ṣe sí omi náà nìyẹn. Mo bá wọn nídìí sítóòfù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìkòkò ń hó yaya. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ ò jẹ́ kí kòkòrò kankan ríbi gbé." Èmi akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísìrì! Mo kí wọn tán, mo gbé ìwé mi, mo gba kíláàsì lọ.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní nǹkan bí aago mẹ́rin lọ́jọ́rú, ọmọ náà ń ké, ètè rẹ̀ gbẹ, ara rẹ̀ gbóná. Bó bá ti ké ni Màmá ń fún un mu, bó bá sì ti mu ún ni òùngbẹ rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo wo inú ìkòkò. Nǹkan funfun yí i ká lókè, níbi tí omi dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omi fúnra rẹ̀ kò ju ìgò mẹ́ta lọ mọ́. Mo bi Màmá pé mélòó ni ọmọ ti mu. Wọ́n ní kò tíì ju méjì lọ.

Mo tọ́ ọ wò. Sìkírátù, iyọ̀ náà gbá mi lẹ́nu. Ibẹ̀ ni ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Adésànyà sọ ti yé mi, bẹ́ẹ̀ ni kò wù mí kó yé mi lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí a bá da omi iyọ̀ nù, iyọ̀ àti omi jọ ń lọ. Bí a bá sè é, omi nìkan ló ń lọ. Gbogbo iyọ̀ tó wà fún bí ìgò mẹ́jọ ti kó jọ sínú ìgò mẹ́ta. Ògì tó bá ki, ojú á rí i, ṣùgbọ́n omi yìí mọ́ gaara bó ṣe mọ́ lánàá.

A sáré gbé e lọ sí ọsibítù. Dókítà tọ́ díẹ̀ wò nínú ìgò tí mo mú dání, ó bi wá pé ta ló po èyí. Kí n tó lanu, Màmá ti ní, "Èmi ni, dókítà. Ọwọ́ mi ló ṣe é." Ìgbà náà ni Àbẹ̀ḿbí sáré wọlé láti ibi iṣẹ́, ó sì ké mọ́ wọn lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé ẹ fẹ́ pa á fún mi ni, Màmá?" Ẹyin ni ohùn; o mọ ìyókù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni dókítà fi ń rọra dá omi padà sí ọmọ náà lára, díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ní ewu wà nínú kíkánjú. Ó yè é. Alihamudulilahi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin ṣe ń wí. Èmi Onítẹ̀bọmi náà ti ń wí i báyìí.

Nígbà tí a délé, mo jókòó ti Màmá, mo ṣàlàyé bó ṣe ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní, "Láwùmí, ṣé o rò pé n ò mọ̀ pé ọbẹ̀ tá a bá ń gbé kaná, iyọ̀ rẹ̀ á máa le sí i ni? Láti kékeré ni mo ti ń bu omi là á. Èyí, mo rò pé òògùn ni. Ta ni mo jẹ́ tí n ó bu omi la òògùn nọ́ọ̀sì?" Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo ti fi ọdún méjì wá kiri, Màmá ti mọ̀ ọ́n nídìí ààrò. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún àwa tó kàwé ni kò jẹ́ kí wọ́n lò ó.

Àbẹ̀ḿbí ti kúnlẹ̀, ó ti sunkún bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kò sí ìjà, àwọn ti dárí jì í, ọwọ́ àwọn ni àwọn kò gbàgbọ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kò fọwọ́ kan Múínátù. Ọmọ á na apá sí wọn, Màmá á kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró, wọ́n á ní kó lọ bá ìyá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣojú mi, mo wọ yàrá mi lọ, mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí ni wọ́n ń bọ̀ wálé. A bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà. Ìdí nìyí tí mo fi fún Àkànó awakọ̀ ní lẹ́tà yìí, kó lè ṣáájú wọn dé. Jọ̀wọ́, má bá wọn wí. Bí ẹ̀bi bá wà, ti àwa mẹ́ta ni: Àbẹ̀ḿbí gbàgbé ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì, èmi kí wọn kú iṣẹ́ nídìí ìkòkò tó ń hó. Tiwọn ló kéré jù. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wò wọ́n tàánú-tàánú. O mọ̀ pé ìyẹn ń bí wọn nínú.

Bá mi kí baálé rẹ àti Bàbá. Kí Ọláníkẹ́ ọ̀rẹ́ wa fún mi, sọ fún un pé mo rí aṣọ tó fi ránṣẹ́, ó sì bá mi mu.

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ̀ ọ́ sí. Bí Màmá bá ti ń wọlé, kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀ rárá, gbé àbíkẹ́yìn rẹ lé wọn lọ́wọ́, ní o fẹ́ lọ pọnmi. Má dúró gba èsì. Jáde, kí o sì pẹ́ níta.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ, tí èmi àti Màmá jọ pín ẹ̀bi yìí,

Láwùmí Ògúntúndé