Ọkọ̀ Tó Ṣófo Tó Sì Wúwo

Jikwoyi, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Ní ọ́fíìsì lónìí, mò ń fi ẹrù tí ọkọ̀ ojú odò ń kó nílẹ̀ òkèèrè wé tiwa. Tiwọn ń pọ̀ sí i, tiwa ń dín kù. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ṣọlá, tó ń wa ọkọ̀ ẹrù ní Lọ́kọ́ja, kí n bi wọ́n nídìí rẹ̀.

"Ọkọ̀ wa ṣófo, àmọ́ ó rì wọnú omi bí ẹni pé ó kún. A yẹ inú rẹ̀ wò, omi ò wọlé."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

"Gbogbo wa ti sọ̀kalẹ̀. Ìgbà yẹn ló tún wá rì sí i."

Wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Ọ̀gá mi fẹ́ gbọ́ ìdí rẹ̀ lọ́la. Kí ni kí n sọ?