Ẹ Má Jẹ́ Kí Màmá Wá Sí Ibi Iṣẹ́ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú àárò ilé o. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Bàbá le, wọ́n ṣì ń bá rédíò jiyàn. Ẹ̀rọ tí dókítà fi sí Màmá láyà ń ran ọkàn wọn lọ́wọ́ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn ló gbé mi dé. Níbi iṣẹ́ wa, ègé irin tí ojú ò lè rí là ń tò sórí sílíkọ́nì, kí kọ̀ǹpútà lè máa fi rántí nǹkan. Òòfà tó gba ìdajì yàrá la fi ń dán an wò, òòfà yẹn sì lè da ẹ̀rọ àyà Màmá rú. Mo sọ fún wọn títí. Wọ́n ní, "Irin tí ojú ò rí, kí ló lè fi mí ṣe?"

Lánàá, wọ́n gbé oúnjẹ wá fún mi, wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn yàrá òòfà yẹn. Mo pariwo mọ́ wọn, mo tì wọ́n sẹ́yìn lójú ọ̀gá mi. Wọ́n ti wá ń bínú sí mi, wọ́n ní àwọn ń tì mí lójú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbọ́ tiyín. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ pè wọ́n kó tó di ọjọ́ Ajé o. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bẹ ọ̀gá mi nítorí ìwà mi, inú yàrá òòfà yẹn gan-an ni ọ̀gá sì máa ń jókòó sí.

Èmi àbúrò yín.