Dàda Ti Di Àgbà ní Ọsibítù

Ìbàdàn,
Oṣù Kẹjọ, 2003.

Yèyé mi ní Ìtapàjí,

Ara èmi àti Dàda le koko níbí. Ẹ má wo bí ìwé mi ṣe rí wúruwùru. Ọwọ́ mi ló há sí ẹnu ilẹ̀kùn, kò kan Dàda rárá.

Bí Dàda àbúrò mi ṣe pé ọdún méjìdínlógún, ni ọsibítù tí wọ́n ti ń tọ́jú ọpọlọ rẹ̀ bá ní kó kúrò ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Nọ́ọ̀sì tó máa ń bá a bó ẹ̀pà títí ọ̀rọ̀ yóò fi jáde lẹ́nu rẹ̀ ò lè rí i mọ́. Dókítà àwọn àgbà ní kí n dúró síta, pé àgbà kì í mú ẹ̀gbọ́n wọlé. Mo ń gbọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé o ń sùn?"

"A dúpẹ́, sà."

"Ṣé inú ṣì ń bí ọ débi tí o fi ń fọ́ nǹkan?"

"A dúpẹ́, sà."

Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ wa láti máa dá àgbà lóhùn. Dókítà ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, kó má lo oògùn mọ́. Mo já wọlé, mo ní kò fojú kan oorun láti ọjọ́ Ìsinmi. Ó ní ṣé èmi ni aláìsàn ni? Mo padà sí ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Wọ́n ní ṣé n ò rí irùngbọ̀n rẹ̀ ni? Yèyé mi, àbí irùngbọ̀n ti di oògùn?

Ẹ ní ká wá jẹ iṣu tuntun. Ẹ jẹ́ ó di ọjọ́ mìíràn.

Ẹ bá mi kí Mobọ́lá nílé. Bí àwọn ará ìjọ bá béèrè Dàda lẹ́yìn ìsìn, ẹ ṣáà ní a dúpẹ́.

Ọmọ yín,
Yéwándé.